Iṣẹ́ Ọwọ́ Tí Mo Yàn Láàyò: Títo Mọ́tò Kékeré

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó bá wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹlòmíràn fẹ́ràn bọ́ọ̀lù gbígbá, ẹlòmíràn fẹ́ràn ayò títa, ẹlòmíràn kò sì ní ohun tí ó ń ṣe nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ju kí ó máa gbọ́ rédíò lọ. Ní tèmi, iṣẹ́ ọwọ́ tí mo yàn láàyò ni títo mọ́tò kékeré. Kì í ṣe mọ́tò ìṣeré tí àwọn ọmọdé ń rà lọ́jà ni mo ń wí o. Mọ́tò tí mo ń wí ni èyí tí a fi ike ṣe ní ẹ̀yà ẹ̀yà, tí a kó sínú páálí, tí ẹni tí ó bá rà á yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé, tí yóò fá, tí yóò lẹ̀ pọ̀, tí yóò sì kùn, títí yóò fi dà bí mọ́tò gidi kan tí ó ti rìn lójú títì rí, àfi pé kò ju ohun tí a lè gbé lé àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gbára dì fún ìdánwò, ẹ fi ara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, bí a ti ń ṣe é, àti ohun tí ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò náà kọ́ mi nígbà tí mo ti rò pé kò sí ẹ̀kọ́ tí ó tún kù fún mi láti kọ́ mọ́.

A bí mi ní ìlú Iléṣà ní 1968. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sí ọmọkùnrin kan ní àdúgbò wa tí kò mọ bí a ti ń ṣe mọ́tò agolo. Agolo sàdíìnì ni ara mọ́tò. Sílípáàsì tí ó ti já ni a ń gé róbótó róbótó fún táyà. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni ó ń gba àárín táyà méjì kọjá, okùn tí a so mọ́ iwájú rẹ̀ ni a sì fi ń fà á káàkiri àdúgbò. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ọkọ̀ agbépo, yóò wá agolo mílíìkì kún ti sàdíìnì. Ẹni tí kò bá rí sílípáàsì gé, yóò já táyà mọ́tò rẹ̀ àtijọ́ fi sí tuntun. A kò mọ̀ nígbà náà pé àwọn àgbàlagbà wà ní òkè òkun tí wọ́n ń fi irú nǹkan báyìí ṣe iṣẹ́ ìdárayá, tí wọ́n tilẹ̀ ti fún un ní orúkọ.

Wolé-wolé ni bàbá mi. Iṣẹ́ rẹ̀ a máa gbé e láti abúlé dé abúlé láti yẹ àwùjọ ilé àti kànga wò. Ní 1976, ó ra Fọlókísì kan, irú èyí tí a ń pè ní ìjàpá nítorí bí ẹ̀yìn rẹ̀ ti rí rùbùtù. Ìlú Èkó ni wọ́n ti tò ó, ní ilé iṣẹ́ Fọlókísì tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ojú ọ̀nà Badagry ní 1975. Ẹ̀yà ara àwọn mọ́tò náà a máa ti òkè òkun wá nínú àpótí ńláńlá, àwọn òṣìṣẹ́ a sì tò wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá rò ó dáadáa, a jẹ́ pé inú àpótí ni mọ́tò bàbá mi gan-an ti jáde, gẹ́gẹ́ bí àwọn mọ́tò kékeré tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn yìí. Àwọ̀ rẹ̀ rí bí ojú sánmà ní àárọ̀ ọjọ́ tí òjò kò ṣú. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, búùtù rẹ̀ wà níwájú. Kì í mu omi rárá, atẹ́gùn ni ó ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù. Nítorí náà, bí àwọn mọ́tò mìíràn bá dúró lórí òkè tí omi wọn ń hó, ìjàpá bàbá mi a ké tata-tata kọjá lára wọn. Ní ìparí ọdún 1985, bàbá mi tà á. Owó rẹ̀ ni ó fi rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Láti ọjọ́ náà títí di òní, bàbá mi kò ní mọ́tò mìíràn.

Ọdún 33 ni mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá àti Ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì fẹ̀yìn tì ní 2021. Ẹni tí agogo ti ń darí láti àárọ̀ ọjọ́ rẹ̀, ọjọ́ tí agogo bá dákẹ́ ni kì í mọ ibi tí yóò fi ara sí. Àbúrò mi obìnrin tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́ pé mo ń jókòó sójú kan láti àárọ̀ di alẹ́, ó sì fi páálí kan ránṣẹ́ sí mi. Ó kọ ìwé pélébé kan mọ́ ọn pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ rántí agolo sàdíìnì." Nígbà tí mo tú páálí náà, mo rí i pé ìjàpá ni! Tamiya, ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Japan, ni ó ṣe é. Fọlókísì 1300 ti ọdún 1966 ni. Lójú ẹsẹ̀ ni mo pinnu pé mọ́tò bàbá mi ni n ó fi í ṣe, kì í ṣe ìjàpá lásán. Bàbá mi ti darúgbó, mo sì fẹ́ kí ó fi ojú rí mọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni ìwọ̀n. Wọ́n kọ 1/24 sí ara páálí náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí ó bá jẹ́ 24 lára mọ́tò gidi gbọ́dọ̀ jẹ́ 1 lára mọ́tò kékeré. Ẹsẹ̀ bàtà kan yóò di ààbọ̀ íǹṣì. Láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, ìjàpá gùn ní mìlímítà 2,400. Ẹ fi 24 pín in, yóò fún yín ní 100 géérégé. Láti imú dé ìdí, ó gùn ní mìlímítà 4,070. Ẹ fi 24 pín èyí náà, díẹ̀ ni yóò kù kí ó pé 170. Irin tí a fi táyà rẹ̀ sí jẹ́ íǹṣì 15, èyí tí í ṣe mìlímítà 381. Lára mọ́tò kékeré, kò ní tó 16. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bi olùkọ́ yín pé kí ni ìwúlò ìṣirò, ẹ kò rí i bí? Mo fi rúlà wọn ike inú páálí náà kí n tó gé ohunkóhun, ó sì pé 100.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó jẹ́ 1/24. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, 1/25 ni ó wọ́pọ̀, àwọn kékeré tí ó jẹ́ 1/43 sì wà pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú ẹ̀yà ara ọ̀kan fi sí ara èkejì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ìwọ̀n wọn, kí ó má baà gbé fìlà ọmọdé lé àgbàlagbà lórí.

Ohun kejì ni sùúrù. A kì í fi ọwọ́ ya ẹ̀yà mọ́tò kúrò lára igi ike tí ó gbé e dání. Abẹ mímú ni a fi ń gé e, kí a tó fi sáńpépà fá ojú ibi tí a ti gé e títí yóò fi dán. Gọ́ọ̀mù tí a ń lò kì í ṣe èyí tí a fi ń lẹ ìwé. Ńṣe ni ó ń yọ́ ojú ike méjèèjì, tí wọ́n á wọ ara wọn, tí wọ́n á sì di ọ̀kan nígbà tí ó bá gbẹ. Nítorí náà, ẹ̀kán kan tí ó bá kán sí ibi tí kò yẹ ti ba ibẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Òórùn rẹ̀ kò dára fún ènìyàn. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ bí ẹ bá ń lò ó. Bákan náà, a kì í da ọ̀dà lé e lórí bí ẹni ń kun ògiri. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a ń kùn ún, kí ó gbẹ, kí a tún un kùn, nítorí pé bí ọ̀dà bá nípọn, yóò bo àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà ní etí ilẹ̀kùn àti búùtù, mọ́tò náà á sì dà bí ẹni tí ó da ẹ̀kọ sí ara.

Ohun kẹta, tí ó sì ṣòro jù, ni kí mọ́tò kékeré náà jọ mọ́tò gidi tí a ní lọ́kàn. Fọ́tò kan ṣoṣo ni a ní nínú èyí tí mọ́tò bàbá mi wà. Ní 1977 ni wọ́n yà á, ní iwájú ilé wa. Bàbá mi dúró ti mọ́tò náà, ó gbé ọwọ́ lé e lórí bí ẹni gbé ọwọ́ lé orí ọmọ. Mo gbé fọ́tò náà sí ẹ̀gbẹ́ páálí, mo sì rí i pé wàhálà ti dé. Lára ìjàpá ti 1966, iná iwájú dùbúlẹ̀, ó tẹ̀lé bí fẹ́ńdà ti gẹ̀rẹ́. Lára ti bàbá mi, iná iwájú dúró ṣánṣán. Ìyípadà yìí dé bá àwọn ìjàpá ilẹ̀ Jámánì láàárín ọdún 1967. Bọ́ńpà ti 1966 tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ kọdọrọ. Ti bàbá mi fẹ̀, ó sì nà tọ́ọ́rọ́. Ẹlòmíràn ìbá ní kò burú, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti fi ọdún 33 fa ìlà pupa sí abẹ́ àṣìṣe ọmọ ọlọ́mọ, báwo ni n ó ṣe fi ojú fo tèmi?

Ibí ni iṣẹ́ tí àwọn Òyìnbó ń pè ní kitbashing ti wọlé. Iṣẹ́ náà ni kí a mú ẹ̀yà láti inú páálí méjì tàbí mẹ́ta, kí a fi wọ́n ṣe mọ́tò kan tí kò sí nínú páálí kankan. Láti 1958 ni ilé iṣẹ́ AMT ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń ta páálí tí ènìyàn lè gbà tò ní ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹnì kan lè tẹ̀lé lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹ̀yà ara tí ó ṣẹ́kù a máa pọ̀, àwọn ọmọ a sì máa fi wọ́n sí ara mọ́tò mìíràn. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ òfuurufú inú sinimá Star Wars, tí ó jáde ní 1977, ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: wọ́n já ẹ̀yà láti inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ páálí mọ́tò àti ti ọkọ̀ ogun, wọ́n sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ara àwọn ọkọ̀ tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Òyìnbó ni ó kọ́ wa. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì àdúgbò yín, ẹ ó rí mọ́tò tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ara ọ̀kan wá, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ara òmíràn wá, tí ó sì ń lọ geere.

Àbúrò mi bá mi wá páálí kejì. Àlòkù ni, ó sì pọ́ọ́kú: ìjàpá 1968 tí ilé iṣẹ́ Revell ṣe, 1/24 ni òun náà. Òrùlé rẹ̀ ti fọ́, gíláàsì rẹ̀ ti sọnù, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ pé, iná rẹ̀ sì dúró ṣánṣán. Mo fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ gé fẹ́ńdà iwájú méjèèjì kúrò lára ti 1966. Mo gé ti 1968 náà, mo sì fi í rọ́pò. Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ibi tí mo gé kò bá ara wọn mu. Mo fá a, mo fi ike pẹlẹbẹ dí àlàfo, mo tún fá a. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe fẹ́ńdà méjì. Ẹ̀yà tí mo gé kúrò ni mo jù sínú agolo kan lábẹ́ tábìlì, nítorí pé ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í da àjákù nù. Nígbà tí ó yá, mo kun gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ ojú sánmà, mo fi gègé tẹ́ẹ́rẹ́ kọ nọ́ńbà mọ́tò náà bí mo ti rí i nínú fọ́tò, mo sì wé e sínú aṣọ funfun. Ó dán gbinrin. Ó di ọ̀dọ̀ Bàbá.

Ọdún 2023 ni èyí, bàbá mi sì jẹ́ ẹni ọdún 88. Iyè rẹ̀ ti ń rá. Nígbà mìíràn a máa pe mí ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tí ó ti kú, nígbà mìíràn a pè mí ní Tísà bí ó ti máa ń pè mí. Mo bá òun àti ìyá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tú aṣọ, mo sì gbé mọ́tò náà lé e lọ́wọ́. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó gbé e súnmọ́ ojú.

Ó ní, "Fọlókísì ni."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mọ́tò yín ni."

Ó mi orí. "Kì í ṣe tèmi."

"Bàbá, ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀."

"Mo rí nọ́ńbà. Nọ́ńbà tèmi ni. Mọ́tò náà ni kì í ṣe tèmi. Fẹ́ńdà pupa dà?"

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ wo bàbá yín! Ẹni tí kò rántí ọbẹ̀ tí ó jẹ lánàá. Òótọ́ ni o, Tísà. Ṣé ìwọ ti gbàgbé fẹ́ńdà pupa ni?"

Mo ní mo gbàgbé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, irọ́ ni mo pa. N kò gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti rí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984, bàbá mi ń bọ̀ láti abúlé kan nígbà tí ewúrẹ́ já lu ọ̀nà. Ó yà fún un, fẹ́ńdà iwájú ní apá òsì sì fi orí sọ kùkùté igi. Ó wó pọ̀ pẹ̀lú iná rẹ̀. Lákòókò náà, owó oṣù ń falẹ̀, a lè retí ti oṣù kan títí oṣù kejì yóò fi parí. Mẹkáníìkì kan bá a wá fẹ́ńdà láti ara ìjàpá àtijọ́ kan tí ó ti kú. Pupa ni, iná rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí ó dùbúlẹ̀. Panẹ́lì-bítà lù ú títí ó fi bá ibẹ̀ mu. Báyìí ni mọ́tò bàbá mi ṣe di aláwọ̀ méjì, tí ojú rẹ̀ kan dúró, tí èkejì sì dùbúlẹ̀ bí ẹni tí ń ṣẹ́jú sí ènìyàn. Bàbá mi ní bí owó bá ti dé, òun yóò kun fẹ́ńdà náà. Owó dé ní oṣù kọkànlá, ṣùgbọ́n oṣù náà ni ilé ẹ̀kọ́ wa ń gba owó ìdánwò oníwèé mẹ́wàá. Ìwé karùn-ún ni mo wà. Ìyá mi ni ó sọ fún mi nígbà tí a gba ọlidé pé owó ọ̀dà ni wọ́n fi san owó ìdánwò mi.

Ní oṣù kìíní ọdún 1985, ní ọjọ́ Sátidé tí àwọn òbí máa ń wá wo àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́, bàbá mi gbé gàrí àti ìwé wá fún mi. Bí mọ́tò náà ti yọ ní ẹnu ọ̀nà ni àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí kígbe pé, "Aṣẹ́jú dé! Aṣẹ́jú dé!" Ojú tì mí. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ olówó, bi mí pé, "Ṣé bàbá rẹ nìyẹn?" Mo dá a lóhùn pé, "Rárá o. Awakọ̀ bàbá mi ni." Bàbá mi kò jìnnà sí wa. Ó ń gbé àpò gàrí sílẹ̀ nínú búùtù iwájú, ìdérí rẹ̀ sì bo ojú rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó gbọ́. Ó fún mi ní ẹrù mi, ó ní kí n ka ìwé dáadáa, ó sì lọ. Fún ọdún 38, n kò bi í léèrè.

Ẹ wá wò ó. Èmi tí n kò lè gba kí bọ́ńpà fi mìlímítà méjì yàtọ̀, èmi náà ni mo fi ọwọ́ ara mi kun fẹ́ńdà tí mo mọ̀ pé pupa ni. Mo fi fọ́tò 1977 bojú. Mo ní bí fọ́tò ti wí ni mo ṣe. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí ó rán mi lọ síbi ìdánwò kọ́ ni mọ́tò 1977. Òótọ́ ni àwọn àgbà sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi tilẹ̀ ju ogún ọdún lọ. Ẹni tí ó sì bá a ni arúgbó tí gbogbo wa rò pé kò rántí nǹkan kan mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé agolo abẹ́ tábìlì jáde. Mo wá inú àjákù títí mo fi rí i: fẹ́ńdà òsì ti 1966, tí mo gé sọnù nítorí pé iná rẹ̀ dùbúlẹ̀. Ohun tí mo jù sílẹ̀ pé kò bá mọ́tò bàbá mi mu ni ó bá a mu jù lọ. Mo tún mú ayùn. Mo gé fẹ́ńdà òsì tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fá, mo sì dá ti àtijọ́ padà sí àyè rẹ̀. Mo kùn ún ní pupa. N kò jẹ́ kí ó dán jù, nítorí pé àlòkù ni, oòrùn sì ti pa á. N kò fá ojú ibi tí wọ́n ti so pọ̀ mọ́lẹ̀ tán, nítorí pé panẹ́lì-bítà ọjọ́ náà kò fá a tán.

Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá, mo gbé e padà. Bàbá mi gbà á, kò sì yí i síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kejì. Àtàǹpàkò rẹ̀ lọ tààrà sí ara fẹ́ńdà pupa. Ó fi pá a lórí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Èyí ni." Ìyá mi ní, "Ẹ ṣeun, Tísà." Mo ń dìde láti lọ nígbà tí bàbá mi pè mí padà.

Ó ní, "Bí o bá délé, bá mi kí bàbá rẹ. Sọ fún un pé awakọ̀ rẹ̀ ní kí o kí i."

Ìyá mi wo ojú mi, ó rò pé iyè bàbá mi tún ti ṣí lọ. Ṣùgbọ́n bàbá mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, mo sọ ohun gbogbo bí mo ti sọ ọ́ fún yín yìí, mo sì bẹ̀bẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Dìde. Ṣé o yege ìdánwò náà àbí o kò yege?" Mo ní, "Mo yege, Bàbá." Ó ní, "Ó tán nìyẹn. Ọ̀dà kò wọ́n jù ú lọ."

Ní ilẹ̀ Mẹ́síkò ni wọ́n ti ṣe ìjàpá tí ó kẹ́yìn irú rẹ̀ ní 2003, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe èyí tí ó lé ní mílíọ̀nù 21 káàkiri ayé. Nínú gbogbo wọn, èmi mọ ọ̀kan tí ojú rẹ̀ kò dọ́gba. Àwòrán rẹ̀ wà lórí rédíò bàbá mi títí di òní, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nu eruku ara rẹ̀ bí kò ṣe òun fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, iṣẹ́ ọwọ́ tí mo yàn láàyò nìyí. Ó kọ́ mi ní ìwọ̀n, ó kọ́ mi ní sùúrù, ó sì kọ́ mi pé kí a wọn nǹkan dáadáa kò tó bí a kò bá ní ìgboyà láti fi ohun tí ó ń tini lójú sí ipò rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá wọ inú gbọ̀ngàn ìdánwò, tí wọ́n bá ní kí ẹ sọ nípa ilé yín, tàbí bàbá yín, tàbí ọjọ́ kan tí ẹ kò lè gbàgbé, ẹ má ṣe kun gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ kan kí ó lè dán lójú ẹni tí yóò máàkì rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bí ó ti rí. Kí ẹ tó sì gbé gègé sókè, ẹ rántí pé ẹnìkan ni ó san owó ìjókòó yín níbẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí fẹ́ńdà tirẹ̀ náà wà nílé láìkùn.